Ọyẹ́ ń gbọn ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta: kí ni ká ṣe sí i?

Ìbéèrè: "Okun o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ní ìbọn afẹ́fẹ́ kan tí mo ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Òun ni mo fi ń ṣọ́ oko ìrẹsì lọ́wọ́ ẹyẹ, mo sì máa ń fi ta àmì bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Mo ra chronograph alójú méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta, mo gbé e ka orí tripod kámẹ́rà. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé ni mi ò ti gbádùn rẹ̀ mọ́. Ó ń mì, ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, òǹkà rẹ̀ kò sì dúró lójú kan: ọta kan á gbé ẹsẹ̀ bàtà 812 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó tẹ̀ lé e á gbé 780, ẹ̀kẹta á ní Err, ìyẹn àmì àṣìṣe. Mo so àpò iyanrìn mọ́ abẹ́ rẹ̀, kò yàtọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní afẹ́fẹ́ tó ń kọjú sí ọta ló ń dín eré rẹ̀ kù. Ṣé tripod olówó ńlá ni kí n lọ rà ni, àbí kí n kúkú ta ẹ̀rọ yìí kí n fi ra èyí tó ń lo radar?"

Ará wa ní Ìsánlú, okun o. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yín, wọ́n kàn so kọ́ra ni. Ẹ̀rọ ń ṣubú, òǹkà ń yí, ẹ sì fẹ́ náwó. Ohun tó ń gbé ẹ̀rọ ṣubú àti ohun tó ń yí òǹkà padà kì í ṣe ohun kan náà pátápátá, ìdí nìyẹn tí àpò iyanrìn tí ẹ so kò fi ràn yín lọ́wọ́. Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ gbọ́ èyí ná: kì í ṣe ẹsẹ̀ tripod ló kọ́kọ́ ń dá yín lóró, àwọn ìborí funfun tó wà lórí ẹ̀rọ náà ni. Bí ẹ bá mọ ọjọ́ tó yẹ kí ẹ yọ wọ́n, tí ẹ sì sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wàhálà yìí á tán láìra nǹkan kan. Ó sì dáa tí ẹ gba ìwé àṣẹ, nítorí òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn tó nílò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun ìṣeré ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín kúrò lọ́nà. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ ń da ọta láàmú, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ló ti ń rí i ṣe. Láti ẹnu ìbọn yín dé ibi tí ẹ̀rọ wà kò yẹ kó ju mítà kan tàbí méjì lọ. Ọta .177 (ìbú rẹ̀ ní ìnṣì nìyẹn) tó ń sá ẹsẹ̀ bàtà 800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń pàdánù bíi ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5 nínú eré rẹ̀ lórí mítà kọ̀ọ̀kan, kódà bí ewé kan ò bá mì. Bí afẹ́fẹ́ tó le bá wá kọjú sí i, ohun tó máa fi kún ìpàdánù yẹn láàárín mítà méjì kò tó ẹsẹ̀ bàtà 1. Ẹ̀rọ yín kò lè rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí 812 bá wá di 780, ẹ wá ìdí rẹ̀ síbòmíràn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé àyè tó wà láàárín ẹnu ìbọn àti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí bákan náà lójoojúmọ́, torí pé mítà kan tí ẹ bá fi sún un sẹ́yìn nítorí afẹ́fẹ́ á yí òǹkà ju afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ ta kókó sí okùn kan ní mítà kan, kí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń tò ó.

Èyí tó kàn ni èrò pé bí ẹ̀rọ ṣe ń mì ló ń ba òǹkà jẹ́. Ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe lọ́nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà rò ó. Ojú méjì ló wà nínú àpótí náà, nínú èyí tó wọ́pọ̀ wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà síra, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Ojú kọ̀ọ̀kan ń wo ìmọ́lẹ̀ tó wà lókè rẹ̀. Bí ọta bá kọjá lórí ojú kìíní, òjìji rẹ̀ á dín ìmọ́lẹ̀ yẹn kù díẹ̀, aago á bẹ̀rẹ̀. Bó bá dé orí ojú kejì, aago á dúró. Ẹ̀rọ á wá fi àkókò yẹn pín àyè tó wà láàárín ojú méjèèjì. Fún ọta tó ń sá 800, bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan àti ìdámẹ́rin péré ni àkókò náà. Láàárín ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fì síwá sẹ́yìn kò ráyè lọ síbì kan. Ká tiẹ̀ ní ó ń fì ní sẹ̀ǹtímítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àṣìṣe tó lè kó wọ òǹkà kò tó ẹsẹ̀ bàtà 1.

Títẹ̀ àti yíyí burú ju fífì lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá tẹ orí ẹ̀rọ síwájú, tàbí tó bá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí síkúrù tó dè é mọ́ tripod, ọta á gba ìdágẹ̀rẹ̀ kọjá lórí ojú méjèèjì. Ọ̀nà rẹ̀ á gùn ju bí ẹ̀rọ ṣe rò lọ, òǹkà á sì rẹlẹ̀ ju òótọ́. Bí ó bá yà ní dígíìrì 5, 800 á di 797. Bó bá jẹ́ 10, ó di 788. Bó bá jẹ́ 15, ó di 773. Ojú lè fo dígíìrì 5, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa wo ẹ̀rọ tó ti yà tó 15 tí kò ní mọ̀ pé kò dọ́gba mọ́. Nítorí náà, yíyà nìkan kò lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ yín tán, àfi bí ẹ̀rọ bá ti ń kọ̀ǹdí sí yín tí ẹ ò sì wò ó.

Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti ń wá gan-an ni ìmọ́lẹ̀. Àwọn ojú yẹn kò mọ ọta. Ìyípadà òjijì nínú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí ìborí funfun bá ń gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́ lórí wọn bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, etí rẹ̀ á máa wọ ojú, á máa jáde, ìmọ́lẹ̀ á máa pọ̀, á máa dín. Nígbà mìíràn ojú kan á rò pé ọta ti kọjá nígbà tí ẹ ò tíì fa ìbọn, ìyẹn ló ń bí Err. Nígbà mìíràn ọta á kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kan á tètè rí i tàbí kó pẹ́ kó tó rí i, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì ní ìṣẹ́jú yẹn. Ẹ wò ó báyìí: bí ojú kìíní bá rí ọta ní ibi tó fi sẹ̀ǹtímítà 1 péré ṣáájú ibi tó yẹ, nínú sẹ̀ǹtímítà 30, àṣìṣe tó ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nìyẹn. Lórí 800, bíi ẹsẹ̀ bàtà 26 ni. Ìyàtọ̀ 32 tí ẹ rí kò nílò ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ. Àpò iyanrìn tí ẹ so sísàlẹ̀ kò lè dá ìborí tó ń gbọ̀n lókè lẹ́kun, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi fi ìborí sí i? Ìborí yẹn wúlò nígbà tí oòrùn bá mú hánhán tí ojú ọ̀run sì mọ́ gaara. Oòrùn tó ń ta gbọ̀ọ̀rọ̀ máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ìhà ọta, òjìji tí ojú ń wá á sì parẹ́. Ìborí funfun á gba oòrùn yẹn, á tàn án ká, ojú á wá rí ọta dúdú lórí ilẹ̀ funfun. Ṣùgbọ́n ẹ gbójú sókè wo ọ̀run ọyẹ́. Eruku ti sọ gbogbo rẹ̀ di funfun ràkọ̀ràkọ̀, ọ̀run fúnra rẹ̀ ti di ìborí. Ìwé ìlò ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí sọ ọ́ pé bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, kí ẹ lò ó láìfi ìborí sí i, èèyàn kì í sì í sábà kà á débẹ̀. Ẹ fi bébà funfun kan sílẹ̀, kí ẹ na ọwọ́ yín lé e lórí ní nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan sókè. Bí etí òjìji ọwọ́ bá mú ṣáká, ẹ fi ìborí sí i. Bí etí rẹ̀ bá rú, tàbí tí òjìji kò tilẹ̀ sí, ẹ yọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ líle, ẹ ó rí i pé ẹ ò nílò rẹ̀ rárá.

Bí ẹ bá yọ ìborí, ẹ má yọ àwọn ọ̀pá wáyà tó gbé e dúró, torí wọn ni wọ́n ń fi hàn yín ibi tí ọta gbọ́dọ̀ gbà. Ọ̀pá lásán kì í gba afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi téèpù pupa yí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ká ní sẹ̀ǹtímítà 12 sókè ojú ẹ̀rọ, kí ọta yín máa gba àárín àwọn àmì wọ̀nyẹn kọjá ní gbogbo ìgbà. Bó bá lọ sókè jù, òjìji rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ ó yìnbọn lu ẹ̀rọ yín, ohun tó sì ti pa ẹ̀rọ àwọn èèyàn jù nìyẹn, afẹ́fẹ́ kọ́. Ní ọjọ́ tí ìborí bá di dandan, ẹ gé tíúbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi dè é gírígírí ní gbogbo ibi tí ìborí ti fara kan ọ̀pá, kí ẹ tún de ìdí ọ̀pá mọ́ àpótí. Ihò tí ọ̀pá ń wọ̀ máa ń fẹ̀ bó bá pẹ́, ọ̀pá á wá máa jó nínú rẹ̀. Téèpù díẹ̀ tí ẹ wé mọ́ ìdí ọ̀pá kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́ á mú un dúró.

Ó kan ti ṣíṣubú wàyí. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan kì í pọ̀ sí i bí eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i lásán. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, títì rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyẹn ni ẹ̀rọ tó dúró jẹ́jẹ́ nínú afẹ́fẹ́ kìlómítà 15 ní wákàtí kan fi ń ṣubú lójijì bí ọ̀wọ́ afẹ́fẹ́ kan bá dé 30. Bí nǹkan bá sì ṣe ga tó ni afẹ́fẹ́ ṣe rọrùn fún láti dojú rẹ̀ dé. Ìmọ̀ràn mi sí yín ni pé kí ẹ gbàgbé tripod pátápátá lákòókò ọyẹ́. Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù ìnṣì mẹ́sàn-án méjì lérí ara wọn ní ibi tó tẹ́jú, kí ẹ sì yìnbọn ní ìdọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ jókòó sórí àpótí kékeré. Búlọ́ọ̀kù méjì tí ẹ gbé lé ẹ̀gbẹ́ gígùn wọn ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, wọ́n sì wúwo débi pé kò sí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó máa mì wọ́n. Nílẹ̀ tí Ọbájánà, ìlú sìmẹ́ǹtì, wà, kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun ò rí búlọ́ọ̀kù. Ẹ tẹ́ ègé rọ́bà táyà tàbí bàtà sílípáàsì tó ti gbó sórí rẹ̀ kí àpótí má yọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀já tíúbù kan dè é yí búlọ́ọ̀kù òkè ká níwájú, òmíràn lẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ra kí ọ̀já má bo ojú ẹ̀rọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó pẹ́ lè lọ bá wẹ́dà. Kí ó gé páànù irin onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 40 sí 40, kí ó jó páìpù gígùn 50 mọ́ àárín rẹ̀, kí ó sì jó irin pẹlẹbẹ gígùn 35 sórí páìpù náà. Síkúrù tó ń wọ ìdí ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í yàtọ̀ sí ti kámẹ́rà, ìdámẹ́rin ìnṣì ni, eléyín 20 nínú ìnṣì kan. Ẹ mú ẹ̀rọ náà dání lọ ra bóòtì, kí ẹ wọ̀ ọ́ wò nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí bóòtì mílímítà 6 jọ ọ́ gan-an, á sì jẹ ihò rẹ̀ run bí ẹ bá fipá wọ̀ ọ́. Bóòtì kan nìkan kò tó o. Afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ á máa yí àpótí lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yíyà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó irin kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan irin pẹlẹbẹ náà, kí àpótí jókòó sáàárín wọn pinpin. Gbogbo iná ni kó jó tán kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ débẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé tripod nìkan ni ẹ lè lò, àwọn nǹkan kan wà tó ń sọ ọ́ di alágbára. Ẹ má fa ọ̀pá àárín rẹ̀ sókè rárá, torí ibẹ̀ ni mímì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya ẹsẹ̀ rẹ̀ débi tó lè yà dé, kí ẹ lo apá ẹsẹ̀ tó nípọn, kí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú. Ẹsẹ̀ kan ni kí ó kọjú síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ẹsẹ̀ kan sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, wọ́n rò pé ó ń tako afẹ́fẹ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ṣí sílẹ̀ yẹn, nítorí tripod á ṣubú sáàárín ẹsẹ̀ méjì tó kù, àyè láti àárín rẹ̀ dé ìlà tó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀ sì jẹ́ ìdajì àyè láti àárín dé orí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Lọ́dọ̀ wa, ọyẹ́ ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, nítorí náà ẹsẹ̀ kan ni kí ó nà sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn.

Àpò iyanrìn yín kò burú, bí ẹ ṣe so ó ló kù díẹ̀ káàtó. Bó bá rọ̀ dirodiro lábẹ́, afẹ́fẹ́ á máa fì í, á sì máa fa tripod tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí okùn rẹ̀ gùn débi tí ìdí àpò á fi kan ilẹ̀ fẹ́rẹ́, kí ìwúwo rẹ̀ wà lára okùn síbẹ̀ kí ilẹ̀ má jẹ́ kó fì. Kìló 8 sí 10 tó fún tripod kámẹ́rà. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ lè tẹ ẹsẹ̀ oníke kó ṣẹ́. Ohun tó tún dáa ju àpò lọ ni èèkàn. Ẹ kan irin rọ́ọ̀dù mílímítà 12 mẹ́ta, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, mọ́lẹ̀ ní ìdí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ de ẹsẹ̀ mọ́ èèkàn. Ilẹ̀ ọyẹ́ le, ẹ da omi sí i ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Wáyà tó lọ sí ibi tí òǹkà ti ń hàn, bí tiyín bá ní in, ẹ dè é mọ́ ẹsẹ̀ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò gbọdọ̀ máa lu ara rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń bi wá nípa fífi nǹkan dí afẹ́fẹ́. Ó wúlò, ṣùgbọ́n tapólì tí ẹ ta gírí kọ́ ló dáa jù. Afẹ́fẹ́ tó bá kọlu ohun tó dí pátápátá á fò ó kọjá, á sì wá yí bírí lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ẹ gbé ẹ̀rọ sí gan-an. Ohun tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ la ń wá: imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ hun ṣákálá, tàbí pòpórò ọkà bàbà tí ẹ tò kí àlàfo wà láàárín wọn, bí ìdajì dí, ìdajì ṣí. Kó ga tó mítà kan àtààbọ̀, kó sì jìnnà sí ẹ̀rọ ní mítà mẹ́ta sí márùn-ún, níhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Kò gbọdọ̀ ju òjìji sórí ẹ̀rọ, nítorí òjìji ewé tó ń jó á ṣi ojú ẹ̀rọ lọ́nà kan náà tí ìborí ń gbà ṣì í. Nítorí èyí náà, ẹ má tò ó sábẹ́ igi.

Bí oko yín bá gbà á, ẹ kọ ìlà ìyìnbọn yín sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kí afẹ́fẹ́ máa ti ẹ̀yìn yín bọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, ẹ̀gbẹ́ ni ìborí ti fẹ̀ jù, iwájú rẹ̀ kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ara yín pàápàá á sì gba díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà kó tó dé ibẹ̀. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn àmì ṣe pàtàkì ju ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lọ. Láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀, àpáta ló yí wa ká, ọta òjé tó bá lu àpáta lè ta padà sí ẹni tó yìn ín. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ tàbí àpò iyanrìn ni kí ẹ yìn sí, bó bá tilẹ̀ gba pé kí afẹ́fẹ́ máa ti ẹ̀gbẹ́ wá.

Àkókò náà tún wà ńbẹ̀, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Lákòókò ọyẹ́, ilẹ̀ máa ń pa rọ́rọ́ ní ìdájí, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í le bí oòrùn bá ti ń gòkè, á le jù láàárín agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ sí ọ̀sán, á tún rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Agogo méje sí mẹ́jọ àárọ̀ ni kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ òǹkà yín. Ó ní àléébù tirẹ̀. Oòrùn ìdájí wà nísàlẹ̀, ó lè ta gbọ̀ọ̀rọ̀ sí ìhà ọta tàbí sínú ojú ẹ̀rọ. Ẹ gbé páálí kan sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń bọ̀, kí òjìji rẹ̀ bo àpótí láìbo ojú ọ̀run tó wà lókè rẹ̀. Òtútù náà ń bá ìbọn jà. Gírísì inú ìbọn onísípíríǹgì á le, eré ọta á rẹlẹ̀ díẹ̀. Ti ìbọn tó ń lo gáàsì CO2 tún burú jù, torí òtútù ń dín agbára gáàsì náà kù gan-an. Nítorí náà, ẹ má fi òǹkà ìdájí wé ti ọ̀sán kí ẹ sì wá sọ pé ẹ̀rọ ń purọ́. Ẹ kọ àkókò sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ò bá sì lè yìnbọn àfi lọ́sàn-án, ẹ so ègé ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ láìsinmi, ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ló ń wá. Bí ọ̀rá bá rọ̀ sílẹ̀, ẹ fa ìbọn. Bó bá nà gbọnrangandan, ẹ dúró.

Àwọn kan á ní kí ẹ gbé e wọnú ilé. Ó ṣeé ṣe, iná sì ni ìṣòro rẹ̀. Iná NEPA ń ṣẹ́jú lọ́nà tí ojú èèyàn kò rí, nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù gbọọrọ aláwọ̀ funfun àti ọ̀pọ̀ gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú sì máa ń gbé ṣíṣẹ́jú yẹn sójú ẹ̀rọ. Gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yìí. Okùn iná LED onífóólù 12 tó ń jẹ bátìrì tààrà kì í ṣẹ́jú, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú páálí funfun, kí ẹ dojú páálí náà dé orí ẹ̀rọ, kí ẹ gé ihò fẹ̀fẹ̀ síwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá tó kàn. Ẹ fi páálí tí ẹ ki aṣọ àkísà mọ́ pinpin, pẹ̀lú pákó nínípọn àti àpò iyanrìn lẹ́yìn rẹ̀, gba ọta, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì fọwọ́ dáadáa kí ẹ tó jẹun, nítorí eruku òjé kò dáa fún ara. Fún ẹni tó ní yàrá gígùn, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Inú ọgbà tí ọmọdé ti ń sáré kiri, mi ò ní dá a lábàá.

Ti radar wá ńkọ́? LabRadar àti Garmin Xero C1 Pro tó jáde ní 2023 kì í wo òjìji, ìgbì rédíò ni wọ́n ń rán tẹ̀ lé ọta. Ẹ̀gbẹ́ ìbọn ni wọ́n ń gbé e sí, ọta kì í gba orí rẹ̀ kọjá, kò ní ìborí kankan, ti Garmin sì kéré débi pé ẹ lè fi í sápò. Afẹ́fẹ́ kò rí i bá jà. Wọ́n dáa, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n iye tí ẹ fi ra tiyín lọ́nà púpọ̀ ni wọ́n ń tà á, ẹni tó ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti mọ̀ bóyá sípíríǹgì ìbọn ti rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Àwọn kékeré kan tún wà tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn, wọn kì í náni tó ti radar, ibi tí ìbọn bá kọjú sí ni àwọn náà ń kọjú sí. Ìwúwo wọn ń yí ibi tí ọta ń bà padà, nítorí náà ẹ yọ wọ́n kí ẹ tó ta àmì, kí ẹ sì rí i pé wọ́n tọ́ sí ẹnu ìbọn kí ọta má gbá wọn. Ní ti tripod olówó ńlá, ẹ má rà á fún èyí. Yóò dúró, ìborí á ṣì máa gbọ̀n lórí rẹ̀.

Ó ní ibi tí gbogbo èyí mọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, tí ìjì rẹ̀ dé pẹ̀lú eruku, kò sí èèkàn tàbí búlọ́ọ̀kù tó máa fún yín ní òǹkà tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ palẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ tó dára jù pàápàá, àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí sábà ń sọ pé ó péye dé 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé lórí 800, ó lè fi 4 lọ sókè tàbí sílẹ̀. Ẹ má lé ìyàtọ̀ 3 kiri. Eruku ọyẹ́ sì máa ń kó sínú ihò ojú ẹ̀rọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi omi tàbí ika nù ún. Ẹ pààrọ̀ bátìrì onífóólù 9 rẹ̀ náà, nítorí bátìrì tó ti ń kú máa ń fa Err tí wọ́n á dì lé afẹ́fẹ́ lórí.

Èyí tí màá kọ́kọ́ ṣe bí mo bá wà nípò yín nìyí: lọ́la, ní agogo méje, ẹ gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù méjì láìsí ìborí, ẹnu ìbọn ní mítà kan sí i, kí ẹ yìn ín nígbà mẹ́wàá pẹ̀lú ọta inú agolo kan náà, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí èyí tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù kò bá ju 15 sí 20 lọ fún ìbọn onísípíríǹgì, afẹ́fẹ́ ló jẹ̀bi, ẹ sì ti rí ojútùú rẹ̀. Bó bá ṣì ju 30 lọ nígbà tí ewé kan ò mì, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, inú ìbọn ni kí ẹ yẹ̀ wò: rọ́bà tó ń dí afẹ́fẹ́ ní ìdí bárẹ́ẹ̀lì, sípíríǹgì, àti bóyá ọta yín ń wọlé pinpin tàbí ó ń já bọ́ wọlé. Ẹ fi òǹkà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú irú ìbọn tí ẹ ń lò, a ó jọ wò ó.